Fartlek: Ọ̀rọ̀ Ilé Àwọn Ará Swídìn Tó Di Ọ̀rọ̀ Ayé. Kí Ló Dé Tí Èdè Tiwa Fi Ń Tì Wá Lójú?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sọ òótọ́ fún ara wa, ọwọ́ òsì ni ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tí a wà ní ìlú Kàdúná yìí fi ń júwe èdè baba wa fún àwọn ọmọ wa. Ní ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí, àwọn kan dìde, wọ́n ní kí a fòpin sí ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá tí a ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Wọ́n tún ní bí ó bá di ọjọ́ eré ìdárayá àwọn ọmọ, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí a máa fi kéde, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí, Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún eré ìdárayá òde òní. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún wọn. Alága sì sún ọ̀rọ̀ náà síwájú di ìpàdé tó ń bọ̀. Ìdí nìyí tí a fi tọrọ àyè nínú ìwé ìrántí ọdún yìí, kí a lè dá wọn lóhùn kí a tó dìbò.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ó fi dá wọn lóhùn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ náà ni fartlek. Ọmọ tó bá ń sáré fún ilé-ìwé rẹ̀ yóò ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ eré ìdárayá. Láti Kàdúná dé Lọ́ńdọ̀nù, láti Kẹ́ńyà dé Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pè é. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe délé ayé gbogbo ni a fẹ́ kí àwọn tó ń tàbùkù èdè wa fi etí sí.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ FARTLEK?

Ọ̀nà kan tí àwọn eléré orí pápá ń gbà kọ́ ara wọn ní eré sísá ni. Sárésáré náà kò ní dúró sórí pápá tí a fi ẹfun sàmì sí, kò sì ní máa wo aago ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Inú igbó, ẹsẹ̀ ọ̀nà tàbí ẹ̀gbẹ́ òkè ni yóò gbà. Yóò kọ́kọ́ rọra sáré fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá kí ara rẹ̀ lè móoru. Lẹ́yìn náà yóò fi kún eré rẹ̀ fún bíi kìlómítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò wá rìn díẹ̀ kí èémí rẹ̀ lè balẹ̀. Bí ó bá rí igi kan níwájú, yóò sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ó di ìdí igi yẹn," yóò sì fi gbogbo agbára sá dé ibẹ̀. Bí ó bá kan òkè, yóò fi ipá gùn ún. Bí ó bá kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yóò jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa gbé òun lọ. Ara rẹ̀ ni yóò sọ fún un ìgbà tí yóò yára àti ìgbà tí yóò rọra. Nígbà tí ó bá parí, kò yẹ kí ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò ní lè dìde mọ́. Ṣe ló yẹ kí ara rẹ̀ yá gágá.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní abúlé, ǹjẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń ṣe nìyí nígbà tí wọ́n bá rán wa lódò tàbí lóko? Ta ni kò rántí "Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó máa kọ́kọ́ dé ìdí ọ̀pẹ yẹn"? A ó sáré, a ó rìn, a ó tún sáré. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì sọ ọ́ ní orúkọ kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

ÌTUMỌ̀ TÍ KÌ Í ṢE ÌTUMỌ̀

Ìtumọ̀ mẹ́ta ni a ti gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ yìí ní ìlú yìí, kò sì sí òótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn kan ní orúkọ òyìnbó tó dá eré náà sílẹ̀ ni. Kò sí òyìnbó kankan tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ kan ní ilé-ìwé aládàáni kan, tí a kò ní dárúkọ, kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ wa pé "fast leg" ló bà jẹ́ tó di fartlek, ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ tó yá. Èyí náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn ọmọ fúnra wọn, tí wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wọn, nítorí ohun tí apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí í ti ìdí ènìyàn jáde. A mọ ilé kan tí wọ́n ti fọ́ ọmọ létí pé ó kó ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí wálé, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní pápá ìṣeré ló ń ròyìn.

Ohun kan náà ló fa àṣìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ojú Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń wo ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò mọ ìdílé mìíràn ju ìdílé kan lọ, gbogbo ọmọ tó bá pàdé lọ́nà ni yóò máa pè ní ọmọ ìdílé náà. Báyìí ni a ṣe ń tọ́ àwọn ọmọ wa. A fún wọn ní fèrèsé kan ṣoṣo, a wá ní kí wọ́n fi rí gbogbo ayé.

BÍ WỌ́N ṢE SO Ọ̀RỌ̀ NÁÀ PỌ̀

Èdè àwọn ará Swídìn, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Yúróòpù, ni fartlek ti wá. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀: fart àti lek.

Fart ni ìyára ohun tó ń lọ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Òkìtì tí wọ́n ń mọ sójú títì kí àwọn awakọ̀ má baà sá eré àsápajúdé, èyí tí a ń pè ní bọ́ǹpù, farthinder ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, ìyẹn ohun tó ń dí eré lọ́wọ́. Ọkọ̀ ojú omi ńlá ni wọ́n ń pè ní fartyg. Fart bá ọ̀rọ̀ mìíràn tan tí í ṣe fara, èyí tó túmọ̀ sí pé kí ènìyàn máa lọ, kí ó rin ìrìn-àjò. Ẹbí rẹ̀ kan wà nínú èdè Jámánì, níbi tí Fahrt ti jẹ́ ìrìn-àjò. Kódà ẹbí rẹ̀ wà nínú Gẹ̀ẹ́sì: "fare" tí kọ̀ndọ́kítọ̀ ń gbà lọ́wọ́ wa nínú ọkọ̀, àti "farewell" tí wọ́n fi ń dágbére fún ẹni tó ń lọ. Èyí tí àwọn ọmọ fi ń rẹ́rìn-ín kò bá a tan rárá. Ojú lásán ni wọ́n fi jọra, gẹ́gẹ́ bí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti jọra lójú ẹni tí kò mọ àmì ohùn.

Lek ni eré, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń ṣe. Leg ni àwọn ará Dẹ́nmárkì ń pe tiwọn. Òun ló wà nínú Lego, orúkọ ohun ìṣeré oníke tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́lé: leg godt ni, ìyẹn "ṣeré dáadáa." Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹsẹ̀ ló wà nínú fartlek, ẹsẹ̀ kankan kò sí níbẹ̀. Ní Yorkshire, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "laik" ṣì túmọ̀ sí kí ènìyàn ṣeré lẹ́nu àwọn tó ń sọ èdè àdúgbò náà.

Ibi tí adùn ọ̀rọ̀ náà wà nìyí o. Àwọn ará Swídìn ní ọ̀rọ̀ méjì fún eré. Spel ni ti eré tó ní òfin, èyí tí a ti ń jẹ tí a sì ń pa, bíi bọ́ọ̀lù tàbí káàdì. Lek ni èyí tí kò ní adájọ́, tí ẹnikẹ́ni kò ka àmì ayò rẹ̀, tí ọmọdé ń ṣe nítorí pé inú rẹ̀ dùn. Ẹni tó so ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ kò mú spel. Lek ló mú.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe tò ó. Nínú èdè tiwa, olórí ọ̀rọ̀ ló máa ń ṣáájú: "ilé ìwé" jẹ́ irú ilé kan, "ìwé ilé" sì jẹ́ irú ìwé kan. Ní ti àwọn ará Swídìn, olórí ló máa ń gbẹ̀yìn. Nítorí náà, fartlek kì í ṣe irú ìyára kan, irú eré kan ni. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ìyára tó dà bí eré" ti gbé e dorí kodò. Eré tí a fi ìyára ṣe ni. Ohun tí olùkọ́ ń sọ fún sárésáré ni pé kí ó lọ ṣeré. Eré yẹn ni yóò sì mú ẹsẹ̀ rẹ̀ yá.

Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fi ojú kékeré wo bí a ti ń kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ara ni. Bí wọ́n bá kọ rökfritt papọ̀, a kò gbọdọ̀ fa sìgá níbẹ̀. Bí wọ́n bá ya rök kúrò lára fritt, ó di kí ènìyàn máa fa sìgá bó ṣe wù ú. Àlàfo kékeré ni àwọn ará Swídìn ń bá ara wọn jiyàn lé lórí. Àwa ńkọ́, tí a ń kọ "oko" láìsí àmì lórí rẹ̀, tí a sì ń retí kí àwọn ọmọ wa mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni tàbí ọkọ́ àgbẹ̀? Bí wọ́n bá kà á tì, a ó ní Yorùbá le.

ẸNI TÓ SỌ Ọ́ LÓRÚKỌ

Gösta Holmér ni orúkọ ẹni tó gbé ọ̀nà ìkọ́ni yìí kalẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1939. Òun fúnra rẹ̀ ti kópa nínú ìdíje Olympic tó wáyé ní Stockholm ní ọdún 1912. Kì í ṣe fàájì ló ń ṣe. Àwọn ará Fínlándì, aládùúgbò wọn, ló ń nà wọ́n nínú eré ọ̀nà jíjìn. Ọmọ Fínlándì kan ṣoṣo, Paavo Nurmi, gba wúrà mẹ́sàn-án nínú ìdíje Olympic ti ọdún 1920, 1924 àti 1928. Ojú ń ti àwọn ará Swídìn.

Holmér ì bá ti sọ pé kí wọ́n lọ wo ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Nígbà náà, ta ni ayé mọ̀ ní eré sísá ju àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ? Ó ì bá ti sọ pé èdè òun kéré, pé kò ní ọ̀rọ̀ fún eré ìdárayá òde òní. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó mú ọ̀rọ̀ méjì tí ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ní ìlú rẹ̀, ó so wọ́n pọ̀, ó sì fi wọ́n ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ náà sì so èso. Gunder Hägg, ọ̀dọ́mọkùnrin tó lọ ń kọ́ra lọ́dọ̀ Gösta Olander ní Vålådalen, níbi tí kò sí ju igbó, òkè àti yìnyín lọ, fi ọjọ́ 82 péré fọ́ àmì ayé mẹ́wàá ní ọdún 1942. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó sá mítà 5,000 tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Òun àti Arne Andersson, ọmọ ìlú rẹ̀, ń gba àmì ayé eré máìlì kan lọ́wọ́ ara wọn títí wọ́n fi fà á láti ìṣẹ́jú 4:06.2 ní ọdún 1942 wá sí 4:01.4 ní ọdún 1945. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́sàn-án tí èyí fi dúró kí Roger Bannister tó sá 3:59.4 ní Oxford ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1954.

Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù wá ń wá àṣírí náà, ọ̀rọ̀ náà bá àṣírí rìn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè túmọ̀ rẹ̀ sí "speed play," wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n lórí pápá, fartlek ni wọ́n ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń pa àwọn ọmọ wọn lẹ́rìn-ín. Iye àwọn ará Swídìn kò fi bẹ́ẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ lónìí. Àwa tí à ń sọ Yorùbá ju ogójì mílíọ̀nù lọ. Ta ló wá yẹ kí ojú máa tì nínú wa?

ERÉ NÍNÚ ÈDÈ YORÙBÁ

Ẹ jẹ́ kí a wá wọ ilé tiwa. Bí ọmọ bá ṣe eré, a ní ó ṣeré. Bí ó bá sá eré, a ní ó sáré. Lẹ́tà kan náà, ohùn kan náà. Awakọ̀ tí kò rọra, a ní eré rẹ̀ pọ̀ jù. Ibi tí a ti ń díje ni pápá ìṣeré. Ẹni tó ń fi ìtàn dá wa lára yá ni òṣeré. Ẹ rí i pé ohun tí àwọn ará Swídìn kó ọ̀rọ̀ méjì jọ kí wọ́n tó lè sọ, eré nìkan ló gbé méjèèjì sẹ́nu tiwa. Èdè wa ti fi ìyára àti ìgbádùn sábẹ́ orùlé kan náà kí a tó bí Holmér.

Àwọn tó ní Yorùbá kò lè dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan ti kọjá lókè tí ẹ kò bi wá ní ìtumọ̀ rẹ̀: àsápajúdé. Ẹ tú u wò: à, sá, pa, ojú, dé. Eré tí a sá títí ojú fi dé. Àwọn oníròyìn orí rédíò ló fi sí wa lẹ́tí ní gbogbo ìgbà tí ìjàm̀bá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀, ó sì ti di ọ̀rọ̀ gbogbo wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni asọ̀rọ̀mágbèsì, bẹ́ẹ̀ ni amóhùnmáwòrán, bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá. Nítorí náà, bí ẹ bá bi wá léèrè ohun tí a lè máa pe fartlek, èsì wa ni eré àsáṣeré: à, sá, ṣe, eré. Ìdílé àsápajúdé ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwà wọn kò jọra. Bí ẹnìkan bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kí ó mú un wá sí ìpàdé. Ohun tí a kò ní gbà ni kí ènìyàn fọwọ́ lẹ́rán kí ó ní ọ̀rọ̀ kò sí.

Ẹ tún wo àwọn onílé wa níbí. Bí ẹ bá tan rédíò Hausa ní àkókò ìròyìn eré ìdárayá, ẹ ó gbọ́ "wasannin guje-guje da tsalle-tsalle." Wasa ni eré lẹ́nu tiwọn, gudu ni sísáré, tsalle ni fífò. Eré sísá-sísá àti fífò-fífò ni wọ́n ń pè é, ojú kò sì tì wọ́n láti fi kéde ìdíje Olympic. Àwa tí a jọ ń gbọ́ rédíò náà ní àdúgbò kan náà ni a ní èdè tiwa kò tó.

A tún fẹ́ kí ẹ rántí àwọn ìyá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl. Ní Bahia títí di òní, acarajé ni wọ́n ń pe àkàrà tí wọ́n ń fi epo pupa dín ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Àkàrà àti jẹ ni wọ́n so pọ̀. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn kò ní ìwé ẹ̀rí, wọn kò ní òmìnira pàápàá. Wọ́n so ọ̀rọ̀ ilé méjì pọ̀, wọ́n fi polówó ọjà, gbogbo orílẹ̀-èdè náà sì kọ́ ọ lẹ́nu wọn. Àwa tí a ní òmìnira, tí a ní ìwé ẹ̀rí, a ní kí ọmọ wa má sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ eré sísá kan tilẹ̀ wà tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ wa. Jápa ni. Wọ́n ti fi í sínú ìwé atúmọ̀ èdè Oxford. Ẹ fi wọ́n wéra: àwọn ará Swídìn fún ayé ní eré tí a ń fi ayọ̀ sá, àwa fún ayé ní eré tí a fi ń sá kúrò nílé. Àwọn àgbà ní ènìyàn kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún; bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. A kò dá àwọn tó lọ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọmọ tó sá kúrò nílé láìgbé èdè dání, kí ni yóò fi dá ara rẹ̀ mọ̀ níbi tó bá sá sí?

ÀWỌN ÀWÁWÍ TÍ A TI GBỌ́

Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni èdè oúnjẹ. Àwa tí a ń kọ èyí kò ní jiyàn. Ó ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ tí a ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, Gẹ̀ẹ́sì sì ni a fi ń kọ gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì. Kò sí ẹni tó ní kí a ju Gẹ̀ẹ́sì nù. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ará Swídìn ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, síbẹ̀ wọn kò tìtorí rẹ̀ pa tiwọn tì. Ní ilé iṣẹ́ ìjọba wa pàápàá, ọ̀rọ̀ wọn wà níbẹ̀. Àwa tí a ti ṣe ìdánwò ìgbéga mọ "ombudsman," irú iṣẹ́ tí wọ́n dá àjọ Public Complaints Commission sílẹ̀ fún ní ọdún 1975, láti máa gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú lórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọ̀rọ̀ Swídìn ni. Láti ọdún 1809 ni wọ́n ti ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ombud ni aṣojú, man ni ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ilé méjì tún nìyẹn. Ẹ rí i pé àwọn tó ń fi èdè wọn ṣiṣẹ́ ni ayé ń yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n ní Yorùbá yóò mú kí àwọn ọmọ wa gọ̀ ní kíláàsì. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, kódà nínú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn kò rẹ̀yìn.

Wọ́n ní iṣẹ́ ìjọba ni. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kan náà fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n kó tilẹ̀ tó di pé wọ́n fagi lé e, ilé-ìwé wo ní Kàdúná ló fẹ́ fi Yorùbá kọ́ ọmọ wa? Ìyàrá ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní ọ̀sán Sátidé ló kù. Ibẹ̀ náà ni àwọn kan fẹ́ ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Wọ́n ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni kó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Holmér kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n èdè. Olùkọ́ eré sísá ni. Ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń wá bá.

OHUN TÍ A Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Ẹsẹ̀ kò wọ́n wa. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni Tobi Amusan, tó fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá ọgọ́rùn-ún mítà eléyìí tí wọ́n ń fò kọjá igi ní Eugene ní ọdún 2022, tí obìnrin kankan láyé kò sá irú rẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Ohun tó wọ́n wa ni ìgboyà láti fi ẹnu wa pe ohun tí ẹsẹ̀ wa ń ṣe.

Nítorí náà, a bẹ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, pé ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ dìbò pé kí ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé máa tẹ̀síwájú. Ní ọjọ́ eré ìdárayá, ẹ jẹ́ kí olùkéde lo Yorùbá kí ó tó lo Gẹ̀ẹ́sì: eré ọgọ́rùn-ún mítà, eré inú àpò, fífò gíga, fífò jíjìn, okùn fífà. Kí ẹni tí yóò tú wọn sílẹ̀ sọ pé, "Ẹ dúró sójú ìlà, ẹ múra, ó yá!" Kò sí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tìtorí èyí wúwo. Kí àwọn òbí tó bá lè tètè jí sì kó àwọn ọmọ jáde ní òwúrọ̀ Sátidé fún eré àsáṣeré, kí wọ́n máa sá láti ìdí igi máńgòrò kan dé ìkejì, kí a máa sọ Yorùbá sí wọn lójú ọ̀nà. Ara wọn yóò yá, ahọ́n wọn yóò yá pẹ̀lú. Àwa tí a ń kọ èyí ti ṣe tán láti ṣáájú.

Kí ẹ̀yin tí ẹ pàtẹ́wọ́ ní ìpàdé sì tún inú rò. Ẹ kò kórìíra àwọn ọmọ yín, a mọ̀. Ire wọn ni ẹ ń wá. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí kò bá kó nǹkan kan jáde nílé, ẹ̀ṣọ́ ẹlòmíràn ni yóò máa yá wọ̀ títí ayé.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí èdè Yorùbá parẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Kí ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn yá ju tiwa lọ, kí ẹnu wọn sì lè sọ ọ́. Àṣẹ.